Sìn, Tọ́, Kọ́, Dẹ: Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá Mẹ́rin Lórí Bí Mínǹkì àti Ajá Ṣe Ń Ṣọdẹ Pọ̀

ÌFÁÀRÀ

Nínú àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbọ́ ní kékeré, ọdẹ kan wà tí ó ní ajá mẹ́ta: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọ̀pàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Pípe orúkọ wọ̀nyí yàtọ̀ díẹ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì. Nígbà tí ewu ká ọdẹ náà mọ́ orí igi, ó pe àwọn ajá rẹ̀ ní orúkọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n dé, olúkúlùkù sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀kẹta nìkan tó láti fi mọ bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà: òun ni ó gbá ilẹ̀, tí ó gbá ràwé, tí ẹni tí ó bá kọjá kò fi ní mọ̀ pé ìjà wáyé níbẹ̀. Ohun tí àlọ́ náà kò sọ ni bí ọdẹ ṣe mú ajá mẹ́ta dé ibi tí ọ̀kan kò fi ní bá èkejì du ẹran. Ẹ̀yìn ìgbà tí iṣẹ́ yẹn ti parí ni àlọ́ bá wọn pàdé.

Ohun tí àlọ́ fò dá yìí ni iṣẹ́ yìí lépa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti mú àpẹẹrẹ. Ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Carter, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mink Man, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún so ẹranko méjì pọ̀ fún iṣẹ́ ọdẹ: ajá, àti ẹranko kékeré kan tí ń jẹ́ mínǹkì. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀, ó sì ti fi fídíò hàn án fún gbogbo ayé. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi pe gbogbo iṣẹ́ náà, láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ mínǹkì wálé títí di ọjọ́ tí ó wọ ihò ẹran. Ẹni tí yóò sọ ọ́ ní Yorùbá kò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò. Ó gbọ́dọ̀ yàn nínú sìn, tọ́, kọ́ àti dẹ. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé yíyàn náà kì í ṣe àléébù èdè. Ó ń fi hàn pé iṣẹ́ mẹ́rin ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀kan, àti pé èyí tí ó le jù nínú wọn kì í ṣe èyí tí olùkọ́ yóò kọ́kọ́ ronú kàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Síbẹ̀, ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá gbà pé àlọ́ àti oríkì nìkan ni Yorùbá lè gbé ti fọwọ́ sí ìfagilé náà kí ó tó dé iwájú pátákó.

IRÚ ẸRANKO TÍ MÍNǸKÌ JẸ́

Mínǹkì Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Neogale vison, kò ní orúkọ Yorùbá, nítorí kò sí nínú igbó Yorùbá. Ara rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kí ó dúdú, awọ díẹ̀ sì so ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Akọ inú igbó kì í sábà wúwo ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń sìn lóko lè ju kílò méjì. Ó ń wẹ̀ nínú odò, ó sì ń wọ ihò tí ajá kò lè wọ̀. Ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, ẹyẹ àti eku ni oúnjẹ rẹ̀. Ó tún ń pa eku odò ńlá kan tí ń jẹ́ muskrat, tí ó lè tó o wúwo. Ẹ̀yìn ọrùn ni ó máa ń já ẹran jẹ.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé òun nìkan ni ó ń gbé, òun nìkan ni ó sì ń ṣọdẹ. Ajá jẹ́ ẹran agbo. Ó ń wo ojú ẹni tí ó ṣáájú. Mínǹkì kò ní aṣáájú, kò sì wá ojú rere ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ajá bá pa ẹran, ó ṣeé ṣe kí ó gbé e wá fún olówó rẹ̀. Nígbà tí mínǹkì bá pa ẹran, tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀ ń so ọmọ ilé pọ̀ mọ́ àlejò tí kò gbà pé àlejò ni òun.

SÌN

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohùn ọ̀rọ̀ yìí. Sìn jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn náà a di àárín: ó sin ajá. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lè rò pé ajá kú, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Arọ́pò-orúkọ ni ó ń tú ìdìpọ̀ náà: ó sìn ín yàtọ̀ sí ó sin ín. Àṣìṣe yìí kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìdánwò.

Sìn túmọ̀ sí kí ènìyàn máa bọ́ ẹranko, kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ó sì máa bí sí i lọ́wọ́. Kò ṣe ìlérí pé ẹranko náà yóò fẹ́ràn ẹni tí ń sìn ín. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìtàn ẹranko mẹ́ta. Ní Bonn-Oberkassel, ní Jámánì, wọ́n hú egungun ajá tí wọ́n sin pọ̀ mọ́ egungun ènìyàn ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ìbátan mínǹkì, ti wà lọ́wọ́ ènìyàn fún nǹkan bí 2,000 ọdún. Strabo, ará Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ilẹ̀ tí ó di Sípéènì lónìí, wọ́n máa ń di irú ẹran bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, wọn a sì rán an wọ ihò ehoro, nígbà tí àwọn ọdẹ bá ti dúró lẹ́nu ihò. Ní ti mínǹkì, nǹkan bí 1860 sí 1870 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sìn ín ní ìpínlẹ̀ New York, nítorí awọ onírun rẹ̀ tí wọ́n fi ń rán ẹ̀wù òtútù.

Wọ́n sìn ín ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ nínú àgò, síbẹ̀ kò di ẹran ilé. Ẹni tí ń bọ́ ọ kò fọwọ́ kàn án àyàfi bí ó bá pọn dandan, ìbọ̀wọ́ líle ni ó sì ń wọ̀. Títóbi òwò náà hàn ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ oko mínǹkì ní Dẹ́ńmáàkì, tí ìjọba ibẹ̀ sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo mínǹkì orílẹ̀-èdè náà, tí iye wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 17. Inú irú oko bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú mínǹkì tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ní Utah ti wá.

TỌ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le. Tọ́ kò gba àbọ̀ bí kọ́ ti ń gbà á. Yorùbá ń sọ pé "ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò", kò sí ẹni tí yóò sọ pé "ó tọ́ ọmọ ní ìṣirò." Wọ́n ń tọ́ ọmọ dàgbà ni, wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà. Ìwà ni tọ́ ń bá wí, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn.

Wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́ mínǹkì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́ ajá. Ojú ọmọ mínǹkì máa ń là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìbí. Láti ìgbà náà ni ẹni tí yóò lò ó ti gbọ́dọ̀ máa gbé e lójoojúmọ́, kí ó máa fi ọwọ́ bọ́ ọ, kí òórùn ara ènìyàn lè di ohun tí kò ba ni lẹ́rù. Bí àkókò yẹn bá kọjá láìlò, eyín ni yóò fi dáhùn gbogbo ọwọ́ tí ó bá nà sí i. Àní èyí tí wọ́n tọ́ dáadáa ń gé ni jẹ nígbà mìíràn.

Ti ajá gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kékeré onírun tí ó bá ń sáré níwájú ajá ọdẹ, ẹran ni. Ajá kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní èyí. Ó bí i mọ́ ọn ni. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ gbà ni pé láàrin gbogbo ohun kékeré onírun tí ń sáré, ọ̀kan wà tí kì í ṣe ẹran. Scott àti Fuller, nínú ìwé wọn ti 1965 lórí ìwà ajá, fi hàn pé láàrin ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá máa ń mọ àwọn tí yóò kà sí ará ilé. Ajá tí ó bá rí mínǹkì lásìkò náà, tí ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, tí wọ́n ń jẹun nítòsí ara wọn pẹ̀lú àgò láàrin, yóò rọrùn láti tọ́ ju àgbà ajá lọ. Bí ọmọ ajá bá ki imú bọ̀ ọ́ jù, mínǹkì fúnra rẹ̀ á fún un ní èsì tí kò ní gbàgbé.

Ìwádìí kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ yẹ kí ó mọ̀ lórí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ológbò ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1930, Zing-Yang Kuo, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, pín ọmọ ológbò sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú 21 tí ó dàgbà níbi tí wọ́n ti ń rí ìyá tí ń pa eku, 18 di apèkúté. Nínú 20 tí ó dá nìkan dàgbà, 9 ni ó pa eku. Nínú 18 tí wọ́n tọ́ pọ̀ mọ́ eku nínú àgò kan náà, 3 péré ni ó pa eku, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pa irú eku tí wọ́n jọ dàgbà. Ọdẹ Yorùbá kò ka Kuo, ṣùgbọ́n ó ń rí nǹkan tí ó jọ ọ́ lójoojúmọ́: ajá tí ń fa ọ̀yà ya nínú ìgbẹ́ ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òbúkọ lágbàlá. Kò sí ẹni tí ó pè é jókòó kí ó tó mọ̀ pé ti ilé ni òbúkọ.

Ṣùgbọ́n àgbàlá kì í ṣe ẹnu ihò. Nígbà tí ìṣọdẹ bá gbóná, mínǹkì àti eku odò lè jáde láti inú ihò kan náà, àwọn méjèèjì pọ́n, àwọn méjèèjì tutù rinrin, ọ̀kan ń lé èkejì. Ojú kò lè yà wọ́n. Imú ni ajá gbọ́dọ̀ gbára lé, kí ó sì lo imú náà kí eyín tó pa dé, ní àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ajá tí ó bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan ti pa alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, okùn ni wọ́n fi ń mú ajá tuntun lọ sí ìṣọdẹ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ẹnu ihò ni wọ́n ti ń tú u.

KỌ́

Ohun tí ó kù fún kọ́ kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Pavlov àti Skinner fún ìdánwò NCE yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á lu agolo tàbí kí wọ́n fọn fèrè, wọ́n á fún mínǹkì ní ẹran. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìró náà nìkan á mú un padà wá sínú àpótí rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn oúnjẹ rẹ̀ bí àwọn tí ń fi àwòdì ṣọdẹ ti ń wọn ti àwòdì wọn. Bí ó bá yó jù, kò ní ṣọdẹ, kò sì ní dáhùn ìpè. Bí ebi bá pa á jù, agbára rẹ̀ kò ní gbé ìjà abẹ́ ilẹ̀. Ajá ní tirẹ̀ kọ́ láti dúró, láti bọ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é, àti láti fi ẹran sílẹ̀. Yorùbá mọ ìwúlò ẹ̀kọ́ yìí: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ẹ̀kọ́ ní ààlà tí kò ṣeé fò. Keller àti Marian Breland, àwọn méjì tí ó bá Skinner ṣiṣẹ́, kọ̀wé ní 1961 lórí àwọn ẹranko tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ́ ẹlẹ́dẹ̀ láti máa gbé owó wá sínú àpótí fún èrè oúnjẹ. Ó ṣe é dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí ju owó náà sílẹ̀, ó ń fi imú tú u kiri bí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń tú ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa á. Àdámọ́ ni ó borí ẹ̀kọ́. Ohun kan náà ni ó wà lára mínǹkì: bí ó bá ti pa ẹran, yóò wọ́ ọ lọ fi pamọ́ sínú ihò. Ẹni tí ó gbọ́n kì í bá a jà lórí èyí. Pàṣípààrọ̀ ni ó ń ṣe: ó gbé ẹran mìíràn síwájú rẹ̀, mínǹkì á fi tàkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé ààlà tí iṣẹ́ yìí fà sáàrin tọ́ àti kọ́ kò dúró, nítorí Yorùbá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé, ó sì ń pe ọmọ tí kò níwà ní àbíìkọ́ tàbí àkọ́ọ̀gbà. Òótọ́ ni. Kọ́ ń wọ ilé tọ́ nígbà tí ó bá wà nínú ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀dá. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn tí ó ní "kọ́ ... ní", iṣẹ́ tí ènìyàn lè dárúkọ ni ó máa ń tẹ̀lé e: ìwé, ìlù, ìṣirò, wíwá nígbà tí wọ́n bá pè é. Àkọ́ọ̀gbà gan-an sì ń jẹ́rìí sí ohun tí Breland rí: pé ẹ̀kọ́ lè dé, kí ó má rí ibi wọ̀.

DẸ

Dẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rárá. Wọ́n ń dẹ pańpẹ́, wọ́n ń dẹ àwọ̀n, wọ́n ń dẹ ajá sí ẹran. Inú rẹ̀ sì ni ọdẹ ti jáde. Ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé ènìyàn gbé ohun tí agbára ti wà nínú rẹ̀ sí ibi tí ó tọ́, ó sì fi í sílẹ̀. Okùn pańpẹ́ ti le tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọdẹ kàn yan ojú ọ̀nà fún un ni.

Ní Utah, ilẹ̀ gbẹ, odò àfọwọ́gbẹ́ ni wọ́n sì fi ń bomi rin oko láti ìgbà tí àwọn Mormon ti tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1847. Eku odò ń gbẹ́ ihò sí ẹ̀bá odò wọ̀nyí, ẹnu ihò sábà máa ń wà lábẹ́ omi, omi á máa jò gba inú ihò, ẹ̀bá odò á wó. Ajá ni ó ń ṣáájú. Ó ń gbóòórùn lórí bèbè, ó sì ń dúró níbi tí ẹran bá wà nísàlẹ̀, kí agbára mínǹkì má baà ṣòfò sínú ihò òfìfo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú mínǹkì sílẹ̀. Ó wọ omi, ó wọ ihò; ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Yálà ó pa ẹran náà lábẹ́ ilẹ̀, tàbí kí ẹran sá jáde sójú omi, níbi tí ajá ti ń dúró dè é. Bí ìjà bá há sábẹ́ ilẹ̀, ajá á máa wú ilẹ̀ lókè ibẹ̀, olówó rẹ̀ á sì fi ọkọ́ tẹ̀lé e. Nínú oko ẹran ọ̀sìn tí eku ti pọ̀, mínǹkì á lé eku jáde lábẹ́ pákó àti koríko tí wọ́n tò jọ, àwọn ajá tí wọ́n ti dẹ sí gbogbo ọ̀nà àbájáde á sì gbọn wọ́n pa kíákíá.

Ọdẹ òkété yóò mọ iṣẹ́ yìí láìbéèrè. Òkété kì í ní ẹnu ihò kan ṣoṣo. Wọ́n á dí àwọn kan, wọ́n á fín èéfín sí òmíràn, ajá á dúró síbi èyí tí ó kù. Ohun tí èéfín ń ṣe níbẹ̀ ni mínǹkì ń ṣe ní Utah. Èéfín kò jẹun, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ajá pẹ̀lú kò ní láti kọ́ bí yóò ṣe dá èéfín sí. Nítorí náà ni ajá òkété fi rọrùn láti ní ju ajá mínǹkì lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí mínǹkì á jẹ ẹran yó nínú ihò, á sì sùn síbẹ̀. Olówó rẹ̀ á jókòó ti ihò náà títí. Nígbà mìíràn kò ní padà rí i. Níbi tí mínǹkì jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àdánù ọdẹ nìkan ni èyí. Ní Bìrìtéènì, níbi tí wọ́n ti kó o wọ̀ fún òwò awọ ní 1929, àwọn tí ó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí bímọ sínú igbó. Ní 1956 ni ó hàn gbangba ní Devon, wọ́n sì ti jẹ eku odò kékeré ilẹ̀ náà tán ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kó wọ ilẹ̀ mìíràn, Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn kan tún wà tí wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹranko pa ẹranko rárá. Òfin 2004 ti fi òpin sí fífi agbo ajá lé ọ̀pọ̀ ẹran ìgbẹ́ ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales, ṣùgbọ́n ó yọ eku àti ehoro sílẹ̀ níbi tí onílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i.

LÍLÒ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

Olùkọ́ lè lo àpẹẹrẹ yìí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn mẹ́rin lórí ajá kan náà, kí ó lo sìn, tọ́, kọ́ àti dẹ, kí ó sì sọ èyí tí kò gba "ní", èyí tí ohùn rẹ̀ yí padà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, àti èyí tí ó gba "sí". Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá ọdẹ kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè bí ajá rẹ̀ ṣe mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan adìẹ ilé. Kí ó má dárúkọ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin náà fún ọdẹ; kí ó kọ èyí tí ó bá ti ẹnu ọdẹ jáde sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo gbólóhùn tí ó yí i ká. Bí ọdẹ bá lo ọ̀rọ̀ karùn-ún tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, èyí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìjábọ̀ rẹ̀.